Kí ló dé tí ara kì í lè lé fáírọ́ọ̀sì herpes jáde pátápátá?

Ìyá Àbíkẹ́ béèrè:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni iléròrò wẹ́wẹ́ ti máa ń sú sí ẹ̀gbẹ́ ètè mi lápá òsì, ojú kan náà ni, kì í yẹ̀. Yóò kọ́kọ́ máa yún mi, yóò sì máa ta mí bí ìgbà tí ata bá bọ́ sí egbò. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, omi ti kún inú rẹ̀. Yóò bẹ́, yóò di èépá, yóò sì lọ. Bí ibà bá ti mú mi, tàbí tí oòrùn bá pa mí jù, ó tún dé nìyẹn. Ìyá mi máa ń sọ pé ibà ni ó ń gba ẹnu jáde, n kò sì bá wọn jiyàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà sọ fún mi pé herpes ni, pé ó ṣeé ṣe kó ti wà lára mi láti kékeré, kò sì ní kúrò. Ara tí ó ń lé ọ̀fìnkìn lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ló dé tí apá rẹ̀ kò ká èyí? Ṣé ara mi kò lágbára tó ni? Ọmọ mi obìnrin yóò bímọ lóṣù tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ mọ ohun tí mo gbé sára kí n tó gbé ọmọ náà mọ́ra.

Adéṣọlá fèsì:

Ẹ kú ìnira, mà. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.8 ènìyàn tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún ni ó ní HSV-1, irú èyí tó sábà máa ń sú sí ètè, ìyẹn ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún wọn.

Ọ̀pọ̀ jùlọ sẹ́ẹ̀lì ara ni ó máa ń gé pùrótéènì inú wọn sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ń kó díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ìta, bí ìgbà tí ìyá olóúnjẹ bá bu gààrí díẹ̀ sórí àtẹ kí oníbàárà lè mọ ohun tó wà nínú àpò. Sẹ́ẹ̀lì T, tí í ṣe ọmọ ogun ara, ń yẹ àtẹ wọ̀nyí wò láti ilé dé ilé. Ibi tí ó bá ti rí ẹ̀rún fáírọ́ọ̀sì, yóò pa sẹ́ẹ̀lì náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rún yìí tó dé orí àtẹ, ó gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà kan tí à ń pè ní TAP. Ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ fi hàn pé HSV-1 ní pùrótéènì kékeré kan, ICP47, tí ó máa ń há sí ẹnu ọ̀nà náà bí eegun ẹja ti í há sí ọ̀nà ọ̀fun. Nǹkan kan kì í kọjá mọ́, àtẹ á sì ṣófo.

Èyí tó lágbára jù ni ibi tí ó ń sá sí. Láti ètè, ó ń tọ iṣan ìmọ̀lára lọ títí dé kókó kan nínú agbárí, ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí àwọn iṣan ojú ti pàdé. Níbẹ̀, ó ká ara rẹ̀ jọ, kò rọ pùrótéènì tí ara lè fi dá a mọ̀. Iṣan kan náà ni ó ń gbà padà sọ̀ kalẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ ojú kan náà ló ń yọ sí. Ìyá yín kò sì ṣìnà pátápátá: ibà kọ́ ló ń jáde, ṣùgbọ́n ibà lè jí i.

Táíwò Abẹ́òkúta fèsì:

Àlàyé Adéṣọlá dára, àmọ́ àtẹ tó ṣófo fúnra rẹ̀ tó ohun ìfura. Ara ní ọmọ ogun mìíràn, sẹ́ẹ̀lì NK, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa sẹ́ẹ̀lì tí kò bá pàtẹ nǹkan kan. Ìbátan herpes kan tí ó ń jẹ́ cytomegalovirus ti mọ èyí. Pùrótéènì rẹ̀ méjì, US2 àti US11, ń fa àtẹ padà sínú ilé láti lọ fọ́ ọ túútúú. Ṣùgbọ́n òmíràn, UL40, ń pèsè ẹ̀rún kan tí ó bá ẹ̀rún ti ara gan-an mu láìyàtọ̀, kí sẹ́ẹ̀lì NK lè rò pé àlàáfíà ni ilé wà. Mo ti ń ka nípa nǹkan wọ̀nyí fún ìgbà pípẹ́, síbẹ̀ ti UL40 yìí ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Áńtíbọ́dì, ìyẹn pùrótéènì tí ara ń rọ láti fi gbá àrùn mú, náà kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Apá méjì ni ó fi ń di fáírọ́ọ̀sì mú, ìrù rẹ̀ ni ó sì fi ń ké sí àwọn yòókù. HSV-1 ní gE àti gI lára, tí wọ́n ń gbá ìrù náà mú kí ó má lè ké sí ẹnikẹ́ni.

Ìyá Àbíkẹ́:

Ó ti yé mi, ẹ ṣeun gan-an. Oògùn acyclovir tí wọ́n kọ fún mi ńkọ́, ṣé yóò bá a níbi tó sá sí? Ọ̀rọ̀ ọmọ náà sì ṣì wà lọ́kàn mi.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá fèsì:

Rárá o, mà, kò ní bá a níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ Gertrude Elion àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni oògùn yẹn. Elion wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1988. Bí a bá gbé oògùn náà mì, ńṣe ni ó dà bí ẹni tó sùn. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn pùrótéènì òṣìṣẹ́, tí fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ń rọ ni ó ń jí i. Ìdí nìyí tí kò fi ń pa sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àrùn lára. Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì tó fara pamọ́ sínú iṣan kì í rọ ẹ́ńsáìmù náà, oògùn á kàn gba ibẹ̀ kọjá ni. Ẹ tètè lò ó nígbà tí yíyún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìgbà náà ni ó ń ṣiṣẹ́ jù.

Ní ti ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Agbára ìdáàbòbò ọmọ tuntun kò tíì gbó, herpes sì lè wọ inú ọpọlọ rẹ̀. Bí iléròrò bá wà lẹ́nu yín, ẹ má fi ẹnu kan ọmọ náà rárá, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ sì lo ìbòmú títí egbò yóò fi jinná. Nígbà tí kò sí egbò pàápàá, fáírọ́ọ̀sì náà lè wà nínú itọ́, nítorí náà ẹ má ṣe fi ẹnu ko ọmọ lójú tàbí lẹ́nu ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ tí ẹ lè fi ẹnu kò. Bí ọmọ bá kọ ọmú, tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí tí ẹ rí iléròrò lára rẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ ní herpes ètè.