Báwo ni mo ṣe lè mú abẹ́rẹ́ àjẹsára dé gáà Fúlàní?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní Ìbàràpá ni mo wà. Àwọn ìyá láti gáà ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, ṣùgbọ́n kí ti ọ̀sẹ̀ 10 àti 14 tó pé, wọ́n ti da màlúù lọ síbòmíràn. Ti èéyi, ní oṣù 9, ló wá burú jù. Ìyá kan wá lọ́jọ́ sí: ó fi ọ̀rá wé káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, àmì kan péré ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó tọ́jú káàdì báyẹn ò kọ abẹ́rẹ́. Ọ̀nà ló jìn, a ò sì gbédè ara wa. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ rí Séríkí wọn ni, àbí kí n gbé kúlà tí a ń kó abẹ́rẹ́ sí lọ bá wọn lọ́jọ́ ọjà? Ta lẹ fi ń ṣe ògbufọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, èéyi ń pa ọmọ.