Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mú màmá mi káàkiri Róòmù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Róòmù dáadáa. Èmi àti màmá mi ń lọ síbẹ̀, orúnkún sì ń dà wọ́n láàmú; àtẹ̀gùn gan-an ni ìṣòro wọn. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ A àti B pàdé ní Termini, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ìlú náà, pé B ló ń gbéni dé Colosseo, pápá ìwòran àtijọ́ yẹn, A sì ń gbéni dé Ottaviano, nítòsí Vatican. Ìyẹn yé mi. Ibi tó rú mi lójú ni àárín ìlú àtijọ́, níbi tí tẹ́ńpìlì àtijọ́ Pantheon àti gbàgede Piazza Navona wà: ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ò débẹ̀, òkúta kéékèèké gbágungbàgun ni wọ́n sì fi tẹ́ ọ̀nà ibẹ̀. Ṣé bọ́ọ̀sì 64 láti Termini ò ní há jù fún àgbàlagbà? Wọ́n ní àwọn tó ń yọ nǹkan lápò èèyàn pọ̀ nínú ẹ̀. Àbí kí n kúkú máa wọ takisí funfun tó ní mítà? Ṣé èèyàn lè dá a dúró lójú títì, àbí ibi tí wọ́n ń tò sí la gbọ́dọ̀ lọ? Ó ti pẹ́ tí màmá ti ń retí ìrìn àjò yìí, mi ò fẹ́ kó di ìnira fún wọn rárá. Ẹ dákun, ẹ là mí lọ́yẹ.