Àkáǹtì ọ̀fẹ́ fún òwò kékeré: ibo ni owó ti ń jò?

Aránṣọ, Lagere, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni, ẹni mẹ́ta ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ. Owó tó ń wọlé lóṣù kì í ju ₦600,000 lọ, nǹkan bíi ₦450,000 ló sì ń jáde padà fún aṣọ, òwú, iná àti owó iṣẹ́. Gbogbo báǹkì ló ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni àkáǹtì oníṣòwò tiwọn. Èwo ló jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́? Ẹ jọ̀ọ́, iye náírà ni kí ẹ kọ, ẹ má kàn dárúkọ báǹkì.

Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, Iléṣà

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ iye tó ń jáde. Òun gan-an ló yẹ ká tẹ̀ lé.

Ohun tí báǹkì ń pè ní ọ̀fẹ́ kò ju méjì lọ: ẹ kò ní san nǹkan kan láti ṣí i, wọn kò sì ní gé owó yín bí inú rẹ̀ bá gbẹ. Owó tó bá gbéra níbẹ̀ kò sí nínú ọ̀fẹ́ yẹn. Ìlànà chájì tí Báǹkì Àpapọ̀, CBN, fi lélẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2020 gba báǹkì láyè láti gé tó ₦1 lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan tó bá jáde nínú àkáǹtì current lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Owó ìtọ́jú àkáǹtì nìyẹn. VAT 7.5% á tún gùn ún lórí. Lórí ₦450,000 yín, ₦450 ni, pẹ̀lú ₦33.75, ó di ₦483.75 lóṣù. Àkáǹtì savings kì í san án rárá. Ohun tí savings ń san tí current kì í san ni ₦50 fún káàdì ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Lẹ́yìn èyí ni owó ìfiránṣẹ́. Títí dé ₦5,000, ₦10 ni. Láti ibẹ̀ dé ₦50,000, ₦25. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ₦50. Ẹ fi VAT sí i, ó di ₦10.75, ₦26.88 àti ₦53.75. Àwọn báǹkì orí fóònù kan máa ń yọ̀ǹda iye kan lóṣù láìgbowó. Ẹ béèrè iye rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí.

₦50 sítáńǹbù ìjọba wà lórí owó tó bá tó ₦10,000. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ẹni tó gba owó ni wọ́n ti ń gé e. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ẹni tó ń fi ránṣẹ́ ló ń san án. Bí ẹ bá ń gbé owó láti àkáǹtì yín kan sí òmíràn nínú báǹkì kan náà, kò kàn yín.

Ẹ jẹ́ ká mú ₦30,000 kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ san fún aláṣọ. Láti inú savings: ₦26.88 àti ₦50, ó jẹ́ ₦76.88. Láti inú current: ẹ fi ₦32.25 kún un, ó di ₦109.13. Owó kan náà, aláṣọ kan náà.

Ẹ ṣọ́ra fún owó kéékèèké tó ń jáde lójoojúmọ́. ₦5,000 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá yóò gba ₦107.50 lọ́wọ́ yín. ₦50,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ₦26.88 àti ₦50, yóò gba ₦76.88. Ẹ bá olówùú sọ̀rọ̀ kó máa gba tirẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Alátẹ òògùn, Ọ̀jà Titun, Ilé-Ifẹ̀

Akápò ò dárúkọ èyí tó ń jẹ ọlọ́jà jù lọ: SMS. ₦6 ni ọ̀kan láti oṣù karùn-ún ọdún 2025. ₦4 ni tẹ́lẹ̀. Fún aránṣọ tó ń gba alert méjì lóòjọ́, kò ṣe nǹkan kan. Fún alátẹ tó ń gba ogún, ₦120 ni lójúmọ́, tó bá sì fi ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tajà lóṣù, ₦3,120 ti lọ. Ìyẹn ju owó ìtọ́jú àkáǹtì tí Akápò ṣírò lọ ní ìlọ́po mẹ́fà. Ẹ lọ sí báǹkì kí ẹ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù pé ẹ kò fẹ́ SMS mọ́, kí ẹ gba alert nínú app àti ní ímeèlì. Ẹ ṣe èyí kìkì bí fóònù tó ní dátà bá wà ní ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí kò ní irú rẹ̀ níbi ìsọ̀, kó fi SMS rẹ̀ sílẹ̀.

Láti ìgbà tí ₦50 ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń sanwó, àwọn oníbàárà ti ń gé ₦18,000 sí ọ̀nà méjì, ₦9,000 àti ₦9,000. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ fún wọn: ₦53.76 dípò ₦76.88. Lọ́dọ̀ yín, SMS méjì ni, àti ìlà méjì nínú ìwé fún ọjà kan. Ẹ kọ orúkọ ọjà náà sí ìlà méjèèjì lójú ẹsẹ̀. Bó bá di alẹ́, kò sẹ́ni tó máa rántí.

Ẹni tó ń ṣe POS, Sábó, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ béèrè irú ìwé àṣẹ tí ilé iṣẹ́ náà ní. Moniepoint àti Kuda, àṣẹ microfinance ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. OPay àti PalmPay, àṣẹ owó orí fóònù ni tiwọn. Ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì ni ìdánilójú NDIC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí a fi sí báǹkì. Láti ọdún 2024, bí báǹkì ńlá bá kú, NDIC á san tó ₦5 mílíọ̀nù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti microfinance jẹ́ ₦2 mílíọ̀nù. Ti owó orí fóònù jẹ́ ₦5 mílíọ̀nù. Nígbà tí CBN gba ìwé àṣẹ Heritage Bank ní oṣù kẹfà ọdún 2024, BVN ni NDIC fi wá àkáǹtì mìíràn tí oníbàárà ní, ibẹ̀ ni wọ́n sì san owó náà sí. Nítorí náà, ẹ ní àkáǹtì ní ibi méjì, kí BVN wà lórí méjèèjì.

Ìdí kejì tí ibi méjì fi dára ni network. Lọ́jọ́ ọjà, bí network báǹkì kan bá dákẹ́, oníbàárà kò ní dúró. Ẹ lẹ nọ́ńbà àkáǹtì méjèèjì mọ́ ara kọ́ńtà.

Nípa ẹ̀rọ POS: bí oníbàárà bá fi káàdì sanwó, ẹ̀yin ni wọ́n ń gé 0.5% lọ́wọ́ yín, kò sì gbọdọ̀ ju ₦1,000 lọ. Lórí aṣọ ₦12,000, ₦60 ni. Ẹ̀rọ “ọ̀fẹ́” sábà máa ń ní iye títà tó gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá lóṣù. Bí kò bá tó, wọ́n á wá gbé e. Iye yẹn wà nínú ìwé tí ẹ ń buwọ́ lù, ẹ kà á kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Bí owó bá kúrò lọ́wọ́ oníbàárà tí kò dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má fún un lọ́jà, ẹ má sì bá a jà. Ti POS, wákàtí 72 ni CBN fún báǹkì láti dá owó náà padà. Ti ìfiránṣẹ́, kí oníbàárà ṣí ìwé ẹ̀rí owó náà nínú app rẹ̀, kó sì fi session ID hàn yín, nọ́ńbà gígùn tó ní díjíìtì 30. Òun ni báǹkì yín fi lè wá a. Àwòrán ojú fóònù lásán kò wúlò fún wọn.

Ẹ wo ATM náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2025, ti báǹkì tiyín jẹ́ ọ̀fẹ́. Ti báǹkì mìíràn, ₦100 lórí ₦20,000, láti ìgbà àkọ́kọ́. Ìgbà mẹ́ta tí a ti ń gba owó lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀ lóṣooṣù tẹ́lẹ̀ ti tán. Bí ẹ̀rọ náà kò bá sí lọ́gbà báǹkì, ó lè fi tó ₦500 lé e. Ẹni tó bá ń san owó iṣẹ́ ní kéṣì, kó yan báǹkì tí ATM rẹ̀ wà níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dé.

Ẹni tó ń bá oníṣòwò ṣe ìwé CAC, Iléṣà

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà lẹ́nu ọ̀nà báǹkì ni orúkọ. Orúkọ tó wà lórí BVN, NIN àti ìwé CAC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, gbọ́dọ̀ bára mu, títí dé ọjọ́ ìbí. Ìyá tó fi orúkọ bàbá rẹ̀ gba BVN, tó wá fi orúkọ ọkọ gba NIN, kò ní kọjá. Kó tún wọn ṣe, BVN ní báǹkì, NIN ní NIMC tó ń ṣe é, kí ó tó sanwó CAC, nítorí orúkọ NIN ni CAC ń lò. Kí ó mú ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbúra kóòtù lọ.

Àdírẹ́sì ni ìkejì. Ní ìlú wa, agboolé la fi ń júwe ilé, ọ̀pọ̀ kò sì ní nọ́ńbà lára. Báǹkì fẹ́ ìwé iná IBEDC tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ, wọ́n sì lè rán ènìyàn wá wo ṣọ́ọ̀bù. Bí àdírẹ́sì ṣe wà lórí ìwé iná, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sí CAC àti sí fọ́ọ̀mù báǹkì. Bí ẹ bá kọ “ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí” sí ọ̀kan, tí ẹ kọ “òdìkejì ọjà” sí ìkejì, ẹni tí wọ́n rán á padà lọ kọ ọ́ pé òun kò rí i.

Fún àkáǹtì lórúkọ òwò, ẹ mú ìwé ẹ̀rí CAC àti status report rẹ̀, nọ́ńbà owó orí, NIN, BVN àti fọ́tò dání. Ọ̀pọ̀ báǹkì ńlá ṣì ń béèrè ẹni méjì tó ní àkáǹtì current tó ti lé ní oṣù mẹ́fà láti ṣe onígbọ̀wọ́. Ibẹ̀ ló ti ń pẹ́, torí báǹkì onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí ìfọwọ́síwèé rẹ̀, ẹni tó bá sì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti báǹkì rẹ̀, wọ́n á dá a padà. Àwọn báǹkì orí fóònù kì í sábà béèrè èyí.

Ẹ̀yin tó ń ra wúrà lọ́wọ́ àwọn tó ń wà á ní Ìtagúnmódì àti Ìpẹ̀rìndó, ẹ gbọ́ o: iṣẹ́ wúrà, ilé ìtura, títa mọ́tò àti títa ilé, báǹkì á béèrè ìwé SCUML lọ́wọ́ yín. SCUML ni ẹ̀ka tó ń ṣọ́ kí wọ́n má fi òwò bo owó ìwà ọ̀daràn mọ́lẹ̀. Abẹ́ EFCC ló wà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe ìwé náà, owó kankan kò sí lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín fún un, owó iṣẹ́ ara rẹ̀ ló gbà, kì í ṣe ti ìjọba.

Aláṣọ, Ọjà Atakúnmọ́sà, Iléṣà

Àwọn Òṣómàáló tó fi aṣọ àwìn ṣòwò káàkiri, wọ́n lóṣòó títí owó fi dé ọwọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe sí alert. SMS rọrùn láti fi tanni jẹ: orúkọ báǹkì lè wà lókè, kí iye náà sì pé, kí owó má dé. Ẹ ṣí app yín, kí ẹ wo iye tó kù, kí ẹ wo orúkọ ẹni tó san án, kí aṣọ tó kúrò lórí tábìlì. Ìṣẹ́jú méjì ni. Nítorí náà, àkáǹtì tí app rẹ̀ kì í tètè ṣí kò dára fún ọlọ́jà, kódà bó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Aránṣọ, Lagere, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé savings lórúkọ ara ẹni tó, àbí kí a ṣí current lórúkọ ṣọ́ọ̀bù?

Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, Iléṣà

Fún iye tí ẹ sọ yìí, savings ló tó. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ savings kejì, tó dá yàtọ̀ sí ti owó ilé, nínú báǹkì kan náà, kí gbígbé owó láti ọ̀kan sí ìkejì má baà ná yín ní nǹkan kan. Ẹ fi ìkẹta sí ibòmíràn bí Ẹni Sábó ṣe sọ.

Ẹ rí i pé ó wà ní ìpele (tier) tó yẹ. Ìpele kìíní kò gbà kí owó inú rẹ̀ ju ₦300,000 lọ, ìpele kejì kò gba ju ₦500,000. Owó yín ń wọlé tó ₦600,000, nítorí náà ìpele kẹta ni kí ẹ béèrè lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ṣí i, kí owó aṣọ ọdún má baà há. Ẹ má sì ka èlé sí: bí ẹ bá yọ owó ju ìgbà mẹ́rin lọ lóṣù, èlé oṣù náà ti lọ.

Ọjọ́ tí ilé ìwé bá fún yín ní iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ní aṣọ akọrin, wọ́n á fẹ́ sanwó sí orúkọ tó wà lórí ríṣíìtì. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣí current lórúkọ ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì máa lò ó fún irú owó bẹ́ẹ̀ nìkan. Bó bá ti wọlé, ẹ gbé e bọ́ sínú savings yín níbẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í san oníṣẹ́ àti aláṣọ láti inú savings.

Lópin oṣù àkọ́kọ́, ẹ gba statement, ẹ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n gé, kí ẹ fi iye tí a kọ sókè yìí yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá bá a mu, ẹ kọ lẹ́tà sí báǹkì, ẹ kọ ọjọ́ àti iye rẹ̀ sí i, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ni ẹ ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń gba ẹjọ́ oníbàárà rò ní CBN. Ẹ̀ka CBN wà ní Òṣogbo.