Òjóró kọ́, àṣìdájọ́ ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá lánàá pé "òjóró" ni ká máa pe ìdájọ́ rẹfirí tó bá da eré rú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń ṣòjóró mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó fi ọmọ ayò kan há ọmọ ìka níbi ọpọ́n, òun ló ṣòjóró. Ẹni tí ojú tàn ńkọ́?

Mo fi fídíò rọ́gíbì kan han àbúrò mi nílé wa ní Under G, l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí: Scotland àti Australia, kọ́tà-fáínà Ife Àgbáyé 2015. Scotland ti ń fi 34 sí 32 léwájú, eré sì ti fẹ́ parí. Bọ́ọ̀lù ta síwájú lára ará Scotland kan, Jon Welsh tó wà níwájú sì gbá a mú. Rẹfirí Craig Joubert fọn fèrè, ó ní Welsh rú òfin, ó fún Australia ní pẹ́náritì. Bernard Foley gbá a wọlé, àmì mẹ́ta: 35 sí 34. Ó parí.

"Òjóró!" ni àbúrò mi ké.

Mo dá fídíò padà, mo dá a dúró níbi tí Nick Phipps, ọmọ Australia, ti fara kan bọ́ọ̀lù náà kó tó dé ọwọ́ Welsh; ìfarakàn yẹn ni kò jẹ́ kí mímú tí Welsh mú un jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ pẹ́náritì. Lọ́jọ́ kejì, World Rugby, àjọ tó ń ṣàkóso rọ́gíbì lágbàáyé, fúnra wọn sọ pé sikírọ́ọ̀mù ló yẹ kí Australia gbà, níbi tí wọn ì bá ti forí korí kí wọ́n tó rí bọ́ọ̀lù lò. Wọ́n ṣì lè borí, ṣùgbọ́n wọn ì bá làágùn sí i. Àbúrò mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Áà, ó ṣì í dá."

Ọ̀rọ̀ náà rèé! A ní àṣìsọ, a ní àṣìgbọ́, a ní àṣìlò. Kí ló dé tí a ò ní ní àṣìdájọ́?

Ẹ má sì jẹ́ ká pà á pọ̀ mọ́ "ìdájọ́ aláwuyewuye". Ní Ife Àgbáyé rọ́gíbì 2011, rẹfirí Alain Rolland fún Sam Warburton, ọmọ Wales, ní káàdì pupa. Wales fi èèyàn 14 ṣeré fún ohun tó lé ní wákàtí kan, France fi 9 sí 8 nà wọ́n, ariwo sì sọ. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ ìbáwí tún ní kí Warburton lọ rọ́kún nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Awuyewuye ni ìyẹn, kì í ṣe àṣìdájọ́. Ẹnu òǹwòran ni awuyewuye ti ń wá. Òfin eré ló ń sọ èyí tó jẹ́ àṣìdájọ́.

Àwọn kan á ní ká gé e kù sí "àṣìdá" kó lè yá lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí "ẹjọ́" wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "àṣìdá" lásán lè rò pé ẹ̀dá tí Ọlọ́run ṣì dá là ń wí.