Apá ọpọlọ àbí awẹ́ ọpọlọ? Àti ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ yẹn

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tá a jọ ń wá fún ìmọ̀ ọpọlọ, mo rí i pé "apá ọ̀tún ọpọlọ" àti "apá òsì ọpọlọ" lẹ fẹ́ gbà wọlé fún ìdajì ọpọlọ méjèèjì (hemisphere), ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná. Ẹ fi kọ gbólóhùn kan ṣoṣo kẹ́ ẹ wò ó: apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń darí apá òsì. Apá wo nínú apá? Awẹ́ lèmi fara mọ́. Ẹ ya gbànja, awẹ́ méjì tó dojú kọra, tó jọra àmọ́ tí kì í ṣe ọ̀kan náà, bí ọpọlọ ṣe rí gan-an nìyẹn. (Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé awẹ́ àbàtà máa ń pé mẹ́rin, gbànja ni mo pè o.) Ibi mẹ́rin tó tún pín sí nínú awẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní abala: ti iwájú orí, ti àtàrí, ti ẹ̀bátí, ti ìpàkọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an ni "ògbufọ̀ ọpọlọ" tí ọ̀gá wa kan dábàá fún nǹkan tí Gazzaniga, onímọ̀ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, pè ní "interpreter", tó ní ó wà ní awẹ́ òsì, tó máa ń wá àlàyé fún ohun tá a bá ṣe. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn tí wárápá ń dà láàmú ló ti jáde, tí dókítà wá gé ohun tó so awẹ́ méjèèjì pọ̀, Sperry, onímọ̀ ọpọlọ tó jẹ́ ọ̀gá Gazzaniga, ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ wọ́n wò ní Kalifọ́níà, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981. Nígbà tó yá, Gazzaniga àti LeDoux tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí fi àwòrán ẹsẹ̀ adìẹ han irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tó jẹ́ pé awẹ́ òsì nìkan ló lè rí i, wọ́n sì fi ilé tí yìnyín bò hàn án lọ́wọ́ òsì lẹ́ẹ̀kan náà, níbi tó jẹ́ pé awẹ́ ọ̀tún nìkan ló lè rí i. Wọ́n ní kó mú àwòrán tó bá ohun tó rí mu. Ọwọ́ ọ̀tún nàka sí adìẹ, ọwọ́ òsì nàka sí ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó yìnyín. Wọ́n wá bi í pé kí ló dé tó fi mú ṣọ́bìrì. Awẹ́ òsì tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ò rí yìnyín rárá, àmọ́ kò sọ pé òun ò mọ̀ o, ó ní ṣebí ṣọ́bìrì lèèyàn fi ń gbá ilé adìẹ mọ́!

Ṣé ògbufọ̀ nìyẹn? Ògbufọ̀ á kọ́kọ́ gbọ́ kó tó túmọ̀, eléyìí ò gbọ́ nǹkan kan, ẹnu ló fi ń gba ara ẹ̀ sílẹ̀. Awíjàre ni tèmi. Tẹ́ ẹ bá ní ó ti fẹ́ jọ èébú, alálàyé náà ṣì sàn ju ògbufọ̀ lọ.