Àbọ̀ ìbéèrè mi: mo ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀

Ẹ kú àdúrótì o. Lóṣù tó kọjá, mo béèrè bóyá kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tí mò ń lọ ní Amẹ́ríkà níbí ní olùgbaninímọ̀ràn, torí oorun ti dá lójú mi. Ó ní in, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo dúró kó tó kàn mí, ìyẹn dùn mí gan-an. Ìyá tó jẹ́ olùgbaninímọ̀ràn náà ní òun ò ní sọ fún olùkọ́ tàbí òbí mi, àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Bó ṣe sọ ọ́ báyìí ni ẹkún gbọ̀n mí. A ti jókòó lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì ti ń sùn. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó pe 988, nọ́ńbà ìrànwọ́ ní Amẹ́ríkà fún ẹni tí ìdààmú ọkàn bá, tàbí kó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ síbẹ̀, tọ̀sán tòru ni. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n má dá a gbé, ẹ ṣeun. Mo ti ìbéèrè náà pa.