Dráífà mi ń gbé Windows ṣubú

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbà mí o. Dráífà USB tí mo kọ (ètò tí Windows fi ń bá ẹ̀rọ USB sọ̀rọ̀) ń ṣe dáadáa, àfi tí mo bá ń kọ́pì fáìlì ńlá: ojú kọ̀ǹpútà á kàn di búlúù, pẹ̀lú kóòdù àṣìṣe 0xD1. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lálẹ́ àná! Ìyàwó mi ti sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ó ti sùn.

— Fi WinDbg, irinṣẹ́ tí a fi ń wá àṣìṣe, ṣí dump rẹ (fáìlì tí Windows fi pamọ́ nígbà tó ṣubú), tẹ !analyze -v. Kí ló wí?

— Ìlà tí mo ti ń ka bọ́fà (àyè ìrántí tí dátà ń dúró sí) ni, lẹ́yìn tí mo gba spin lock (àgádágodo tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ méjì fọwọ́ kan dátà kan lẹ́ẹ̀kan náà).

— Ó tán! Paged pool, ìrántí tí Windows lè kó lọ sórí díìsìkì, lo ti gba bọ́fà, àbí? Spin lock ti gbé ọ dé DISPATCH_LEVEL, ipò gíga tí Windows kò ti lè dúró de díìsìkì. Tí wọ́n bá ti kó bọ́fà yẹn lọ sórí díìsìkì, kò sẹ́ni tí yóò lọ gbé e wá níbẹ̀. POOL_FLAG_NON_PAGED ni kí o lò, kí bọ́fà má baà kúrò nínú ìrántí.

— Háà, bẹ́ẹ̀ ni! Ó ti lọ, ẹ ṣé gan-an.

— Tan Driver Verifier, irinṣẹ́ Windows tó ń dán dráífà wò, kí o tó yọ̀ o.